Kí O Tó Fi Wíńdò Pààrọ̀ Máàkì

Clara Town,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àìlà.

Ràfíù Àjàní, ọmọ mi,

Sìdí àbúrò rẹ ló ń kọ èyí, èmi bàbá rẹ ni mò ń sọ ọ́. O mọ̀ pé ojú mi ò gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́, àfi èyí tó bá tóbi bíi ti pátákó. Mo ti ní kó kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi, kó má fi gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé tó sá kúrò níbẹ̀ bà á jẹ́.

(Sìdí nìyí o, Bọ̀dá mi. Mi ò sá. Mo kàn ń sinmi díẹ̀ ni. Ibi tí ẹ bá ti rí àmì báyìí, èmi ni. Ìyókù, Bàbá ni.)

Mi ò ní bi ọ́ pé ṣé dáadáa ni. Ẹni tó ń bínú, tí wọ́n bá bi í pé ṣé dáadáa ni, "dáadáa ni" náà ló máa wí, kò sì ní í jẹ́ òótọ́. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń pè ọ́, o ò gbé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Sáà oníkẹ̀kẹ́ gbé lẹ́tà yìí wá bá ọ nílé ọ̀rẹ́ rẹ ní Mamba Point, kó fi lé ọ lọ́wọ́, kó má sì kúrò níbẹ̀ títí o fi máa ṣí i. Ìyá rẹ tó lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìwó kò tíì gbọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò sì fẹ́ kó gbọ́.

Ohun tí mo gbọ́ ni pé lọ́jọ́ Sátidé, Fúlómò tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Benson Street ń bọ̀ wá gbé kọ̀ǹpútà Wíńdò tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù wa, òun náà á sì fún ọ ní Máàkì, èyí tí wọ́n ya èso tí wọ́n gé jẹ sí lẹ́yìn. Ọjọ́ Ajé lo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, tí wàá máa ya àwòrán sínú ìwé ìlera àwọn ọmọdé, o sì fẹ́ kí Máàkì ti wà lọ́wọ́ rẹ nígbà náà. Iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ mi nínú. Mo ti sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí, mo sọ ọ́ títí àwọn kan fi ń gba ẹ̀yìnkùlé sá fún mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé yẹn há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ti ọjọ́ Àìkú palẹ̀. O wọlé pẹ̀lú Máàkì tí Fúlómò ní kí o fi dánwò fún ọjọ́ kan péré. Sáà jókòó, ó ń dúró de sítíkà tí a fẹ́ lẹ̀ mọ́ gíláàsì kẹ̀kẹ́ rẹ̀. O gbé ẹ̀rọ náà lé orí tábìlì, o so pátákó ìyàwòrán rẹ mọ́ ọn, o mú kálámù rẹ̀, o ní kí Sìdí má mira. Kíá, ojú Sìdí ti yọ, pẹ̀lú gbogbo ìwà burúkú tó wà nínú ojú náà. Mo rí i. Ó wú mi lórí, mi ò sì sọ fún ọ. Ohun tí mo sọ ni pé:

"Ṣé ó lè gé sítíkà?"

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ayé ti kọjá sítíkà kẹ̀kẹ́."

Sáà gbọ́ "kẹ̀kẹ́" nínú rẹ̀, ó bi Sìdí ní ohun tí o wí, Sìdí sì túmọ̀ rẹ̀ fún un láìku ẹyọ kan. Sáà ní, "Ehn! So my kekeh business finish, enneh?"

Mo ní, "Ràfíù, ẹni tó ń jẹun nínú àwo kì í tutọ́ sí i."

O ní, "Bàbá, ẹ ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà."

Mo ní kó o jáde. O jáde.

Èyí tó dùn mí jù ni pé òótọ́ lo sọ. (Bàbá ní kí n má kọ ìyẹn. Mo ti kọ ọ́.) Ṣùgbọ́n tí n kò bá mọ kọ̀ǹpútà, mo mọ irinṣẹ́. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe di oníṣẹ́ tí kò ní irinṣẹ́ nílùú yìí. O ti gbọ́ díẹ̀ ńbẹ̀ rí, àmọ́ mo máa ń fo ibi tó ń tì mí lójú.

Èmi kì í ṣe sójà. Àwọn sójà Nàìjíríà tó wá pẹ̀tù sí ogun ìlú yìí ni mo bá wá, èmi ni mò ń kọ nọ́ńbà sára lọ́rì wọn. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń kọ ọ́, àpótí búrọ́ọ̀ṣì kan tí ọ̀gá mi ní Ìwó fà lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira iṣẹ́. O mọ bí àwa ṣe ń ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á gbàdúrà, á wá gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Irinṣẹ́ tí ọ̀gá bá ti fà léni lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kò gbọdọ̀ gbà á padà mọ́ láéláé. Itọ́ tó ti bọ́ sílẹ̀ ni.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kun ọkọ̀ wá ń padà sílé. Ó ní ìbọn kan tí wọ́n fi ń fọ́n ọ̀dà, ó ń dán yinrin. Ó wo búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ mi, ó ní, "Ìwọ ṣì ń fi irun ìrù ẹran kọ̀wé?" Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa mí. Mo gbé àpótí búrọ́ọ̀ṣì fún un, mo gba ìbọn. Àjàní, mo di ọba! Iṣẹ́ tó ń gbà mí ní odidi ọ̀sán, kí o tó jẹ ẹ̀pà tán, mo ti parí rẹ̀. Àmọ́ ìbọn yẹn kò lè dá mí. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá tó jẹ́ ti àwọn sójà ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n bá tiwọn lọ, ìbọn mi di ẹ̀rọ omi tí kò sí omi nínú rẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni lèmọ́mù ní kí n kọ pátákó mọ́sáláṣí kí Iléyá tó dé. Ojú tì mí láti sọ pé mi ò ní búrọ́ọ̀ṣì. Mo mú orín, orín ìfọyín o, mo rin ín títí orí rẹ̀ fi fẹ́ yẹ́búyẹ́bú, mo tì í bọ ọ̀dà, mo fi kọ ọ́. Lẹ́tà náà dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ fi ẹsẹ̀ tútù rìn kọjá lórí ẹní. Gbogbo ẹni tó ń wọlé kírun ló ń dúró wò ó. Bàbá arúgbó kan bi mí pé, "Ta ló kọ eléyìí? Ṣé ara rẹ̀ le?" Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Irinṣẹ́ tó ń fi imú ẹlòmíràn mí, ọjọ́ tí onímú bá gbé imú rẹ̀ lọ, òkú ni.

Nítorí náà, fetí sí mi.

Èkíní, má bi ẹnikẹ́ni pé nínú Wíńdò àti Máàkì, èwo ló dára jù. Iṣẹ́ ni kí o bi pé ibo ló ń lọ. Ẹnu ọ̀nà ni kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ á gba ibẹ̀ jáde ni, kò ní í gbé ibẹ̀. Ṣé o rántí báńnà ìsọmọlórúkọ tí o yà lórí Máàkì ọ̀rẹ́ rẹ? O gbé e lọ bá àwọn tó ń tẹ báńnà ní Bushrod Island. Wíńdò ni tiwọn. Bí wọ́n ṣe ṣí i, irú lẹ́tà tí o lò kò sí lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ fọ́nká, orúkọ ọmọ bọ́ sórí imú ìyá rẹ̀. Bàbá ọmọ dúró síbẹ̀, ó ń wo aago. Máàkì ò jẹ̀bi, Wíńdò ò jẹ̀bi. Ìwọ lo ò sọ ọ́ di kiní yẹn kí o tó jáde nílé, èyí tí gbogbo ẹ̀rọ lè ṣí. Kí lẹ ń pè é, Sìdí?

(PDF ni. Mo ti sọ fún wọn títí.)

Ìkejì, ta ni yóò tú u nígbà tó bá ṣàìsàn? Nígbà tí Wíńdò wa kọ̀ tí kò tàn lásìkò òjò, Sìdí ló tú síkúrúù rẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì mi gbọn eruku inú rẹ̀, ó yọ mẹ́mọ́rì, ó nù ún, ó tì í padà, ó tàn. Fúlómò fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa pé wọ́n lẹ inú Máàkì pọ̀ ni, mẹ́mọ́rì tó bá bá a wá ló máa bá a kú. Ẹni tó lè ṣí i nílùú yìí ò pọ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, kọ́réńtì lọ. Wíńdò wa kú fin-ín, iṣẹ́ tí Sìdí ò tíì fi pamọ́ sì bá a lọ. Máàkì rẹ tó ní bátìrì nínú ń tàn lọ ní tirẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ìròyìn. Mo rí bí o ṣe ń fojú wò mí. Àti ọ̀rọ̀ kòkòrò kọ̀ǹpútà náà, gbogbo fúláàṣì tí àwọn oníbàárà ń kó wá ló ń kó àrùn ran tiwa, títí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ fi sọnù mọ́ wa lójú. Wọ́n ní irú àrùn bẹ́ẹ̀ kì í sábà mú Máàkì. Mo gbà. Ẹni tí kò lè sọ dáadáa ọ̀tá rẹ̀, kó má sọ burúkú rẹ̀.

Ìkẹta ni ti àwọ̀. Ojú Máàkì ń dán ju bébà lọ. Ọmọ tí o yà tí awọ rẹ̀ ń dán bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n, tó bá dé orí bébà, ó lè dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá tó bá gba ìwé náà á ní ta ló dáná sun ọmọ yìí. Ẹ̀rọ yòówù kó wà lọ́wọ́ rẹ, tẹ ojú ìwé kan wò kí o tó ní o ti parí.

Ìkẹta… (Bàbá ti ka ìkẹta tán. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n kọ ohun tí wọ́n ń sọ.) Èyí tó kàn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ta ló sọ fún ọ pé dandan ni Máàkì? Sìdí ti jẹ́wọ́ ohun tí o sọ fún un. O ní lọ́jọ́ tí wọ́n pè ọ́ wá fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, o rí Máàkì lórí gbogbo tábìlì. Ọmọbìnrin kan níbẹ̀ wá bi ọ́ pé, "Kí ni ìwọ fi ń ṣiṣẹ́?" O ní, "Máàkì ni." Ó tán. Kò sí ẹni tó pàṣẹ fún ọ. Ojú ló tì ọ́.

Àjàní, mi ò bínú sí i. Mo mọ ẹ̀rín tí ò ń sá fún, ó pa èmi náà rí. Ṣùgbọ́n irọ́ kékeré lo pa. Má fi ṣọ́ọ̀bù odidi san án.

Torí ohun tó wà nílẹ̀ rèé, mo sì fẹ́ kí o kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ tí o gba òmìnira lọ́wọ́ mi, gbogbo ará mọ́sáláṣí ń wò mí. Ọ̀gá kì í fa ọwọ́ òfìfo yọ lójú èèyàn. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní. Mo gbé e lé ọ lọ́wọ́, mo gbàdúrà sí i, wọ́n ṣàmín. Mo gbé ìkòkò fún ọ nígbà tí ọbẹ̀ gbogbo ilé ṣì wà nínú rẹ̀. Mo rò ó pé ọmọ mi ni, ibo ló ń gbé e lọ? Mi ò rò ó pé wàá dàgbà, wàá sì ríbi lọ. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, kì í ṣe tìẹ.

Ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà, kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ètò tó ń darí rẹ̀, orí Wíńdò nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí Fúlómò bá gbé Wíńdò lọ, irin tí a ó máa fi gbé ìlẹ̀kùn ró ló kù. Ojú mi ò kọ lẹ́tà mọ́. Sítíkà àwọn oníkẹ̀kẹ́ yẹn ni ilé yìí ń jẹ. Òun ni Sìdí náà fi ń mú ọwọ́ dí, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa wá iṣẹ́ burúkú.

Síbẹ̀, mi ò lè gbà á padà. Mi ò ní í gbà á padà. Tìẹ ni. Èmi ọ̀gá kò ní í di ẹni tó ba òmìnira ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ nítorí ikùn. Nítorí náà èyí kì í ṣe àṣẹ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mò ń bẹ̀ ọ́ pé kí o bá mi ti ọwọ́ bọ ibi tí ọwọ́ mi ò wọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí o lọ bá ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Sọ fún un pé Wíńdò lo ní, pé ojú ló tì ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Bi í bóyá àwòrán tí o yà lórí Wíńdò á ṣí lọ́dọ̀ wọn. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé wọn ò ní kí o wá jókòó sọ́fíìsì, àwòrán nìkan ni wọ́n fẹ́ gbà. Tó bá ní kò burú, wá máa ya tìrẹ nínú ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, kí Sìdí máa gé sítíkà lọ́sàn-án. Tí iṣẹ́ bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, fi owó ara rẹ ra Máàkì. Mo fọwọ́ sí i. Kálámù yẹn ń tẹ̀lé ọwọ́ rẹ bí ajá ṣe ń tẹ̀lé ọdẹ, ojú tó rí i kò lè sẹ́ ẹ.

Tó bá sì ní dandan ni Máàkì, padà wálé ní Sátidé. Èmi fúnra mi ni màá ká wáyà Wíńdò, màá bá ọ gbé e dé ẹnu ọkọ̀ Fúlómò, èmi àti Sìdí á sì mọ bí a ó ti ṣe é. Mo lé ọ jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu mi ò ní í ṣe irú rẹ̀ mọ́. Àmọ́ kí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ló bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, kó má jẹ́ ojú àwọn èèyàn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fi ohun tó ń bọ́ ọ ra ohun tó ń dán. Kó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa níyì níbikíbi tó bá ti yàwòrán.

Èmi ni, bàbá rẹ, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá rẹ.

Bọ̀dá Ràfíù, Bàbá ti lọ ṣe àlùwàlá fún Àlàásárì. Ó ku èmi Sìdí pẹ̀lú yín.

Wọ́n ní àwọn á ká wáyà. Ẹ má rò pé ó rọrùn fún wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yẹn. Láti ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ti ń gbé àga wá sídìí kọ̀ǹpútà yẹn, wọn ò tàn án, wọn ò fọwọ́ kàn án, wọ́n kàn jókòó tì í bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Tí oníbàárà bá wọlé, wọ́n á dìde, wọ́n á ní àwọn ń wá jígí àwọn.

Nǹkan mìíràn wà tí Bàbá ò mọ̀. Fúlómò pe fóònù ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí, ó ń wá yín. Mi ò mọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Mo wú ikọ́ kékeré yín yẹn, mo ní, "My man Flomo," mo fà á gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe máa ń fà á. Kò fura rárá. Ó tilẹ̀ ń kí mi kú oríire iṣẹ́ tuntun, mo ní ẹ ṣeun. Mo wá fi ohùn yín sọ fún un pé ti Sátidé kò ṣeé ṣe mọ́.

Mo rò pé á ní kò burú, ká fi sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n rí nǹkan fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ńṣe ló ní ẹlòmíràn ti ń dúró de Máàkì yẹn, pé torí yín lòun ò ṣe tíì fún un. Ó ní tí òun ò bá gbúròó yín lọ́la kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ tán, òun á gbé e fún onítọ̀hún. Ó sì gé fóònù.

Torí náà, kì í ṣe Sátidé mọ́, ọ̀la ni. Èmi ló fà á. Ẹ lè lù mí nígbà tí ẹ bá dé.

Mo lè tún pè é, kí n fi ohùn yín sọ pé ká dúró lórí Sátidé. Mo sì lè fi ohùn yín kan náà sọ pé kó gbé e fún ẹni tó ń dúró, kí ọ̀rọ̀ tán, kí n máa gé sítíkà mi lọ. Ó ti ń yún mi lẹ́nu láti àárọ̀, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ohun tí Bàbá wí: tiyín ni. Ohun yòówù tí ẹ bá máa sọ fún un, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá yín, ẹ wá pe Fúlómò, lẹ́yìn náà kí ẹ pè wá.

Mo ti pa ẹ̀rọ sítíkà, ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ méjì jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń kùn pé kí ló dé tí mi ò ṣiṣẹ́. Mo ní kí wọ́n dákẹ́ ẹnu wọn, kí n lè gbọ́ fóònù tó bá dún.

Sìdí.